Ẹ Bi Bàbá Onífèrè: Ọwọ́ Tó To Orin fún Benny Goodman

Lóṣù tó kọjá, ìlà méjì péré ni mo fi dárúkọ Fletcher Henderson nínú ojú ìwé yìí. Mo ní ọkùnrin aláwọ̀ dúdú yìí ló to ọ̀pọ̀ nínú orin tí báńdì Benny Goodman, òyìnbó tó ń fọn fèrè clarinet, fi gbòde kan ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935. Lẹ́tà tó tẹ̀lé ìlà méjì yẹn pọ̀ ju èyí tí mo rí gbà ní gbogbo ọdún tó kọjá lọ. Inú mi dùn gan-an. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí mo fi ń kọ ìwé orin fún báńdì ṣọ́ọ̀ṣì lóru pẹ̀lú àtùpà, mo sì mọ̀ pé àwọn èèyàn kì í sábà béèrè ẹni tó kọ ohun tí wọ́n ń jó sí. Mẹ́rin nínú àwọn ìbéèrè náà nìyí.

Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Wọ́n ní Jelly Roll Morton ló dá orin "King Porter Stomp" sílẹ̀. Goodman ló sì fọn ún tó fi di olókìkí. Kí wá ni Henderson ṣe níbẹ̀ gan-an? (Akẹ́kọ̀ọ́ orin, Ìlọrin)

Ọmọ mi, ohun tó yẹ kó o béèrè lo béèrè. Jẹ́ kí n gbé e gba ọ̀nà ilé.

Tí a bá ń kọrin, ẹnì kan á lé e, àwọn yòókù á gbè é. Tí ẹni tó ń lé bá ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àwọn elégbè lẹ́nu, orin bà jẹ́. Tí elégbè bá pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, orin kú. Èyí kò le tí olórin kò bá ju márùn-ún mẹ́fà lọ. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní New Orleans níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn: trumpet á gbé orin, clarinet á máa rìn yí i ká lókè, trombone á máa fà á nísàlẹ̀, etí ni kálukú fi ń wá àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kó èèyàn mẹ́rìnlá jọ, kó o ní kí oníkálukú fọn ohun tó bá wù ú, ariwo ọjà lo máa gbọ́. Ẹnì kan ní láti jókòó ti bébà, kó sọ ẹni tó máa lé, ẹni tó máa gbè, ẹni tó máa dákẹ́, àti ìgbà tí wọ́n máa pààrọ̀. Ẹni yẹn ni mò ń pè ní atorin. Orin ti wà nílẹ̀ kó tó dé. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó pín in sẹ́nu àwọn tó máa fọn ún, bí àgbà ilé ṣe ń pín ẹran tí ìjà kò fi ní ṣẹlẹ̀.

Báńdì tí Goodman fi dé ojú ayé ní trumpet mẹ́ta, trombone méjì, saxophone mẹ́rin, píánò, gìtá, básì àti ìlù. Goodman fúnra rẹ̀ wà níwájú pẹ̀lú clarinet. Henderson pín fèrè inú rẹ̀ sí ìhà méjì, fèrè idẹ, ìyẹn trumpet àti trombone, nìhà kan, saxophone nìhà kejì, ó sì jẹ́ kí wọ́n máa dá ara wọn lóhùn. Saxophone á sọ gbólóhùn gígùn kan tó rọ̀, fèrè idẹ á já lù ú ní kúkúrú. Tó bá ṣe díẹ̀, fèrè idẹ á gba lílé, saxophone á bọ́ sí ègbè.

Òun nìkan kọ́ ló dá a rò o. Don Redman, tó bá a ṣiṣẹ́ láti 1923 dé 1927, ló fi ìpìlẹ̀ ọ̀nà yẹn lélẹ̀, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé Redman. Nígbà yẹn Henderson ni olórí báńdì, ọwọ́ Redman ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Láti 1924 ni wọ́n ti ń fọn ní Roseland, gbọ̀ngàn ijó ńlá kan ní Broadway ní New York, níbi tó jẹ́ pé òyìnbó nìkan ló ń wọlé wá jó. Ọdún yẹn náà ni Henderson ránṣẹ́ pe Louis Armstrong, tó ń fọn trumpet, láti Chicago.

Ìtàn kan wà tí wọ́n máa ń sọ nípa Armstrong nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Báńdì ń kọ́ orin tuntun kan. Wọ́n dé ibi tí lẹ́tà p méjì wà lórí ìwé, èyí tó jẹ́ àmì pé kí ohùn rẹlẹ̀ pátápátá. Gbogbo wọn rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àfi trumpet Armstrong tó ń dún gooro lórí wọn. Henderson dá orin dúró, ó bi í bóyá kò rí p méjì yẹn. Armstrong ní òun rí i, òun rò pé "pound plenty" ni, pé kí òun gún un kíkankíkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n láàárín bí ọdún kan tí Armstrong lò lọ́dọ̀ wọn, àwọn ni wọ́n yí sí ọ̀nà tirẹ̀. Kó tó dé, wọ́n ń fọn nóòtì bí ẹni ń ka ìṣirò. Nígbà tó lọ tán, àwọn tó ń to orin ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá bí odidi agbo saxophone ṣe lè sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin kan ṣe ń fi trumpet kan sọ ọ́.

Nígbà tí Redman kó lọ sí Detroit ní 1927 láti lọ darí McKinney's Cotton Pickers, Henderson kò rí ẹni gbára lé bíi tirẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló gba bíírò sọ́wọ́ ara rẹ̀. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó mú iṣẹ́ tí ayé wá mọ̀ ọ́n mọ́ ní òkúnkúndùn.

Wá àwo tí báńdì Goodman ṣe ní July 1, 1935. "King Porter Stomp" wà lójú kan, "Sometimes I'm Happy" wà lójú kejì, Henderson ló to méjèèjì. Ní "Sometimes I'm Happy", dúró de ibi tí saxophone mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti gba orin. Wọn kò fọn ohùn orin náà bí gbogbo èèyàn ṣe mọ̀ ọ́n. Henderson ti tún un sọ lọ́nà mìíràn, bí ẹni pé onífèrè kan dìde tó ń dá a sọ lójú ẹsẹ̀, tí ẹnu mẹ́rin sì ń gbé e jáde pọ̀. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń mí. Ibì kan náà ni wọ́n ti ń fà á, tí wọ́n sì ń jù ú sílẹ̀. Orí mi ṣì máa ń wú tí àwo náà bá débẹ̀. Ní "King Porter Stomp", Bunny Berigan ló fi trumpet ṣí ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n ìparí ni kó o gbọ́. Ìhà méjèèjì ń ju ọ̀rọ̀ kúkúrú síra wọn, léraléra, kò sí ẹni tó gún ẹnì kejì lẹ́sẹ̀.

Bobby Benson náà, nígbà tó padà dé sí Èkó ní 1947, irú orin onijó yìí ni báńdì rẹ̀ kọ́kọ́ ń fọn kí háíláìfù tó gba ipò. Tí àwọn àgbà ilé yín bá ní etí àwọn mọ̀ ọ́n, wọn kò purọ́.

Bàbá, ọmọ mi wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì, kẹ́mísìrì ló ń kọ́. Ó ka ohun tí ẹ kọ, ó lọ wá Henderson lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ó wá sọ fún mi pé kẹ́mísìrì ni bàbá náà kọ́ tó fi sílẹ̀ torí orin, pé òun náà fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? (Ìyá ọlọ́mọ, Òṣogbo)

Màmá, òótọ́ ni ó kọ́ ọ. Ẹ ní kí ọmọ yín ka ìyókù.

Wọ́n bí Henderson ní Cuthbert, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní December 18, 1897. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní píánò. Láti ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ti fi í sídìí píánò, wọ́n sì máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn nígbà mìíràn kó lè jókòó tì í. Ó lọ sí Atlanta University, ó kọ́ kẹ́mísìrì àti ìṣirò, ó gboyè jáde ní 1920. Màmá, ó gboyè jáde. Torí àtitẹ̀síwájú nínú kẹ́mísìrì ló ṣe gbéra lọ sí New York. Ibẹ̀ ló ti rí i pé iṣẹ́ kẹ́mísìrì tí wọ́n máa gbà fún aláwọ̀ dúdú ṣọ̀wọ́n bí ojú. Ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ń tẹ píánò nínú ọkọ̀ ojú omi. Ara ẹni náà kò yá, Henderson lọ dí àyè rẹ̀, iṣẹ́ náà sì di tirẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló bọ́ sọ́dọ̀ Pace àti Handy tí wọ́n ń tẹ ìwé orin tà. Nígbà tí Harry Pace dá ilé iṣẹ́ àwo Black Swan sílẹ̀ ní 1921, òun ni wọ́n fi ṣe alábòójútó orin níbẹ̀. Ó bá Ethel Waters, akọrin obìnrin, rin ìrìn àjò kiri. Orin inú ìwé ló mọ̀ látilé, ìka rẹ̀ kò tíì mọ blues, orin àròyé àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, í tẹ̀, obìnrin náà sì ní kó lọ jókòó gbọ́ bí James P. Johnson ṣe ń tẹ píánò, kó kọ́ ọ. Ó lọ. Ẹni tó ti gboyè yunifásítì jókòó bí ọmọ iṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀, kò kù púpọ̀ mọ́. Ẹ má sì gba saxophone lọ́wọ́ rẹ̀ títí dìgbà náà, kó máa fọn ún ní òpin ọ̀sẹ̀.

Ẹ má fepo bọyọ̀ fún wa, Bàbá. Ṣé Goodman kò jí orin ọkùnrin yìí ni? Gbogbo ibi tí mo bá yíjú sí, òyìnbó ni wọ́n ń pè ní ọba swing, orin onijó àwọn báńdì ńlá yìí. (Òǹkàwé yín ní Peckham, London)

Kò jí i. Ó rà á. Ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń bí yín nínú, ó sì ń bí èmi náà nínú.

Lọ́dún 1934 báńdì Henderson tú ká ní Detroit, nítorí owó kò wọlé fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́. Ní December ọdún náà Goodman, tí kò tíì ju ọmọ ọdún 25 lọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rédíò NBC, lórí ètò kan tí wọ́n ń pè ní "Let's Dance". Alẹ́ Sátidé ni, wákàtí mẹ́ta gbáko, báńdì mẹ́ta ló ń pín in ṣe, ilé iṣẹ́ oníbísíkíìtì ló ń san owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan kò gbọdọ̀ kọjá láìsí orin tuntun. Bí Goodman ṣe lọ bá Henderson nìyẹn. Iye tí wọ́n máa ń dárúkọ ni dọ́là 37 àti ààbọ̀ lórí orin kan. Henderson kó lára èyí tí báńdì tirẹ̀ ti ń fọn fún un, ó sì jókòó to àwọn mìíràn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí ó tó kan Goodman láti fọn, ilẹ̀ ti ṣú gan-an ní New York, ọ̀pọ̀ ti sùn. Ní California, wákàtí mẹ́ta ni aago wọn fi wà lẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ ṣì jókòó ti rédíò. Nígbà tí Goodman wá gbé báńdì rìn káàkiri Amẹ́ríkà ní 1935, ìrìn náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a lágara, títí tó fi dé gbọ̀ngàn Palomar ní Los Angeles ní August 21. Ó ní kí wọ́n kó ìwé Henderson síta. Àwọn ọ̀dọ́ náà sì rọ́ wá síwájú báńdì, wọ́n ti mọ orin náà látorí rédíò. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ òpìtàn ń ka ìbẹ̀rẹ̀ sáà swing sí.

Ẹ wá àwo "Down South Camp Meeting" àti "Wrappin' It Up" tí báńdì Henderson fúnra rẹ̀ ṣe ní September 1934, oṣù mélòó kan ṣáájú ètò rédíò yẹn. Kò sí ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ètò rédíò tí ilé iṣẹ́ ńlá ń sanwó fún kì í sábà gba báńdì aláwọ̀ dúdú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn hòtẹ́ẹ̀lì tí owó wà. Ìwé orin Henderson ń wọ ibi tí Henderson kò lè wọ̀. Ìrẹ́jẹ ni mo pe ìyẹn. Goodman kọ́ ló dá a sílẹ̀, àmọ́ òun ló jẹ èrè rẹ̀.

Torí pé mo fẹ́ràn Henderson, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyókù. Kò mọ bí a ti ń ṣe ọ̀gá. Ní 1928 ó ní jàǹbá ọkọ̀ ní Kentucky, ó fara pa lórí àti léjìká. Ìyàwó rẹ̀, Leora, tí òun náà ń fọn trumpet, sọ pé láti ọjọ́ náà ni ọkọ òun kò ti bìkítà mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e wọ́n gba báńdì rẹ̀ fún eré orí ìtàgé kan, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n ń fi òyìnbó dípò wọn. Kò jà fún wọn, báńdì náà sì fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni ti Lester Young. Coleman Hawkins, tó ti fi saxophone olóhùn gbàǹgbà gbé báńdì yẹn dúró fún bí ọdún mẹ́wàá, gba England lọ ní 1934. Henderson mú Lester wá. Ohùn Lester fẹ́lẹ́, ó ń léfòó lórí orin bí ìyẹ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní àwọn kò fẹ́, wọ́n ní kó fọn bíi Hawkins. Ilé Henderson ni Lester wọ̀ sí. Láràárọ̀ ni Leora máa ń jí i, á gbé àwo Hawkins sórí ẹ̀rọ, á ní kó gbọ́, kó lè mọ bó ṣe yẹ kó máa fọn. Lester jókòó gbọ́ ọ, torí kò fẹ́ ṣẹ obìnrin náà. Nígbà tó ṣe, ó kó saxophone rẹ̀, ó lọ. Henderson mọ ohun tó wà nínú ọmọ yẹn, etí rẹ̀ kì í tàn án. Kò kàn lè dúró níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ kó ní, "Bó ṣe ń fọn yìí ni mo fẹ́." Mo ti darí báńdì, mo mọ bí gbólóhùn yẹn ṣe ń ṣòro ó sọ tí gbogbo ojú bá ń wò ọ́. Síbẹ̀, ó yẹ kó sọ ọ́.

Ní ti Goodman, kò fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé Henderson ló fún báńdì òun ní ohùn tó ní. Henderson náà tún gbìyànjú: ní 1936 ó gbé báńdì mìíràn kalẹ̀ ní Grand Terrace ní Chicago, Roy Eldridge nídìí trumpet, Chu Berry nídìí saxophone, àwo wọn "Christopher Columbus" sì tà gan-an. Ní 1939 ó wọ báńdì Goodman, ó ń tẹ píánò, ó sì ń to orin. Ní December 1950 àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) dá a gúnlẹ̀. Lọ́dún 1951 Goodman, Teddy Wilson onípíánò àti Gene Krupa onílù jọ ṣe orin láti fi kówó jọ fún un, wọ́n sì gbé e jáde lórí àwo. Ó kú ní New York ní December 29, 1952. Cuthbert tí wọ́n bí i sí ni wọ́n gbé e padà lọ sin.

Nítorí náà, tí wọ́n bá pe Goodman ní ọba swing lójú yín ní Peckham, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kàn ní kí wọ́n wá orúkọ ẹni tó to orin náà.

A ní saxophone mẹ́ta, alto méjì àti tenor kan, pẹ̀lú trumpet méjì ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ohùn kan náà ni gbogbo wa ń fọn, kò dùn. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? (Adarí báńdì, Abẹ́òkúta)

Ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Ẹ kọ́kọ́ mójú tó kíì, ìyẹn ohùn tí orin dúró lé, torí ohùn tí fèrè wọ̀nyí ń mú jáde yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n kà lórí ìwé. Ìwé àkọ́kọ́ tí mo kọ, fún ìkórè ni, mo da ohun tó wà níwájú píánò kọ fún trumpet láìyí i padà. Nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́nu, trumpet wà nísàlẹ̀ píánò ní odidi ohùn kan látìbẹ̀rẹ̀ dópin, ọ̀gá akọrin sì ní ká dáwọ́ dúró. Mo fi gbogbo òru ọjọ́ náà tún un kọ. Tí píánò bá wà ní C, ẹ kọ trumpet àti tenor sí D, ẹ kọ alto sí A.

Lẹ́yìn náà, ẹ mú orin kan tí gbogbo ìjọ mọ̀, ẹ fi sọ́fà kọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ fún saxophone mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ẹsẹ kìíní: alto kan lórí ohùn orin, àwọn méjì yòókù lábẹ́ rẹ̀, kí wọ́n jọ máa rìn. Ẹ fi bíírò pupa sàmì sí ibi tí wọ́n máa mí, kó jẹ́ ibì kan náà fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ẹ sì dúró lórí ìyẹn títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n. Ní ẹsẹ kejì, ẹ wo ibi tí gbólóhùn orin ti parí tí ìjọ ń sinmi. Ihò yẹn ni ti trumpet. Ẹ fún wọn ní nóòtì mẹ́ta péré níbẹ̀, kí wọ́n sọ ọ́, kí wọ́n sì yáa kúrò. Wọ́n máa bẹ̀ yín pé kí ẹ fi kún un. Ẹ má fi kún un títí di ẹsẹ ìkẹyìn.

Tí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí trumpet ti dákẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ wò.